Plọ́ọ̀gì oríṣi méjì nínú ẹ́ńjìnì Tacoma tókùnbọ̀: ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?

Ìyá Ẹlẹ́yin, Ìbàdàn

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n fojú kan oorun lánàá. Mo ra Tacoma tókùnbọ̀ kan ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, ti ọdún 2007, ẹ́ńjìnì 4.0. Ẹyin ni mo fi ń kó láti oko mi lọ́nà Ìdó wá sí Bódìjà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tó ti ń dà mí láàmú. Bí mo bá ti tẹ iná lórí òkè, tí ẹrù sì wà lẹ́yìn, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n jìgìjìgì bí ẹni tí ibà ń ṣe, iná ẹ́ńjìnì ojú dáṣíbọ́ọ̀dù á sì máa ṣẹ́jú. Bí a bá dé pẹ̀tẹ́lẹ̀, ara rẹ̀ á balẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, kéréètì ẹyin mẹ́ta ló fọ́ nítorí gbígbọ̀n yẹn.

Wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó fún mi, nọ́ńbà àléébù P0300 àti P0305 ló gbé jáde. Mẹkáníìkì mi wá tú plọ́ọ̀gì, ohun tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnì, ó kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí àkísà níwájú mi. NGK ni wọ́n kọ sára mẹ́ta, Denso ni wọ́n kọ sára mẹ́ta tó kù. Ló bá ní, "Màmá, ẹ ò rí i bí? Ẹni tó ta ọkọ̀ yìí fún yín ti lú u ní jìbìtì. Ìdí tó fi ń gbọ̀n nìyẹn." Ó ní kí n mú owó plọ́ọ̀gì iridium mẹ́fà wá kí òun lọ rà á ní Gate. Owó tó pè ju owó oúnjẹ tí àwọn adìyẹ mi ń jẹ lọ́sẹ̀ kan lọ. Mo ní kó ṣì dá àwọn ti tẹ́lẹ̀ padà síbẹ̀ ná, kí n béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé àdàlù yẹn ló ń dà á láàmú? Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ ti ẹ́ńjìnì mi gan-an, kí wọ́n má baà tà mí ní ìkutà? Ọmọ mi ọkùnrin lè lo sípánà dáadáa, ṣé ó lè pààrọ̀ wọn nílé?

Bàbá Mókọ́lá, mẹkáníìkì

Màmá, ẹ kú àdánù ẹyin o, Ọlọ́run á fi òmíràn dípò. Ẹ má tíì mú owó kankan sílẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń tú Toyota, mo mọ ẹ́ńjìnì yẹn bí ẹni mọ ojú ọmọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lu jìbìtì níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i.

1GR-FE ni wọ́n ń pe ẹ́ńjìnì 4.0 yẹn. Láti ilé iṣẹ́ tó ti jáde ni wọ́n ti máa ń ki NGK mẹ́ta sí apá kan, Denso mẹ́ta sí apá kejì. Ẹ gbé wọn sí ìmọ́lẹ̀, ẹ nu tánganran rẹ̀ mọ́, ẹ ó rí LFR6C-11 lára NGK, ẹ ó rí K20HR-U11 lára Denso. Táíwò àti Kẹ́hìndé ni àwọn méjèèjì. 6 tí NGK kọ àti 20 tí Denso kọ, ìwọ̀n ooru kan náà ni wọ́n ń sọ, oníkálukú ló ní bó ṣe ń kà á. 11 tó gbẹ̀yìn ni àlàfo ẹnu rẹ̀, ìyẹn mìlímítà 1.1.

Ohun tí èmi fẹ́ mọ̀ ni bí wọ́n ṣe tò ó. Ṣé apá kan ni NGK mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, àbí wọ́n fọ́n káàkiri? Bó bá jẹ́ apá kan, plọ́ọ̀gì tí ọkọ̀ yẹn gbé wáyé ló ṣì wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó pààrọ̀ rẹ̀ rí. Mẹkáníìkì wo ló máa ra oríṣi méjì kó tún wá tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ bẹ́ẹ̀? Ìwé ọkọ̀ yẹn ní kí á máa pààrọ̀ wọn ní 30,000 máìlì, nǹkan bí 48,000 kìlómítà. Mélòó ló wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù yín?

Ìyá Ẹlẹ́yin

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. 138,000 ló wà níbẹ̀ láàárọ̀ yìí, máìlì ló sì fi ń kà. Apá awakọ̀ ni ó ti yọ Denso mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, NGK jáde láti apá kejì. Mo dúró tì í, mo rí i.

Bàbá Mókọ́lá, mẹkáníìkì

Ó ti yé mi. Plọ́ọ̀gì tó yẹ kí wọ́n ti pààrọ̀ nígbà mẹ́rin ló ṣì wà níbẹ̀. Pípààrọ̀ tọ́ sí wọn, mẹkáníìkì yín kò ṣìnà lórí ìyẹn. Ibi tó ti ṣìnà ni ìdí tó sọ, àti iridium tó fẹ́ tà fún yín. Iridium kò burú, ó ń pẹ́ ju plọ́ọ̀gì onínickel tó wà nínú ọkọ̀ yín yìí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì yín kò béèrè rẹ̀. Ẹ ra LFR6C-11 mẹ́fà tàbí K20HR-U11 mẹ́fà, èyí tí ẹ bá rí ojúlówó rẹ̀. Ẹ kò nílò láti tún tò ó ní mẹ́ta-mẹ́ta.

Ọmọ Ìbàdàn ní Houston

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Màmá, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ kó dá yín lójú pé 4.0 ni lóòótọ́, torí àwọn tó ń ta ọkọ̀ máa ń sọ ohun tó bá wù wọ́n. Tacoma ọdún 2005 sí 2015, ẹ́ńjìnì méjì ló ń gbé: 2.7 oní-sílíńdà mẹ́rin àti 4.0 oní-mẹ́fà. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ èéfín sí. Wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n ẹ́ńjìnì síbẹ̀. Bó bá ti ya, ẹ ka kọ́ìlì, àwọn tó ń gbé iná fún plọ́ọ̀gì. Mẹ́rin lórí ìlà kan ni 2.7, mẹ́ta lápá ọ̀tún àti mẹ́ta lápá òsì ni 4.0. Bí ẹlẹ́pátì bá sì béèrè, nọ́ńbà alẹ́tà mẹ́tàdínlógún tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú lápá awakọ̀ ni kí ẹ yà fún un ní fọ́tò.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, Ford F-150 àlòkù ni mo rà, ti 2006, ẹ́ńjìnì Triton 5.4 tó ní fáàfù mẹ́ta fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé plọ́ọ̀gì ni plọ́ọ̀gì ń jẹ́. Mo bu sọ́kẹ́ẹ̀tì lé ti àkọ́kọ́, mo fà á, ó dún pàú, ìdajì jáde, ìdajì kù sínú tọ́ọ̀pù sílíńdà. Plọ́ọ̀gì tó wà nínú F-150 5.4 ti 2004 dé 2008, ọ̀nà méjì ni wọ́n fi irin rẹ̀ pọ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ gùn, ó tínrín, èéfín dúdú á máa gan mọ́ ọn títí á fi lẹ̀ pinpin. Ford fúnra wọn kọ ìlànà jáde lórí rẹ̀: kí ẹ́ńjìnì tutù, kí á tú plọ́ọ̀gì díẹ̀, kó má ju ìdámẹ́rin ìyípo kan lọ, kí á da oògùn tí wọ́n fi ń fọ kábúrétọ̀ sí ihò rẹ̀, kí á dúró fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí á tó máa fà á díẹ̀díẹ̀. Ká ní mo ti mọ irú ẹ́ńjìnì tí mo ń bá jà ni, mi ò bá má ti fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́.

Ti Tacoma yín kò ní irú wàhálà yìí, ẹ má fòyà. Plọ́ọ̀gì rẹ̀ máa ń jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, Hilux 2.7 ni tèmi, ti ilé iṣẹ́ wa ló tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó tà á fún mi. Ṣé LFR6C-11 yìí náà ni kí n lọ rà?

Bàbá Mókọ́lá, mẹkáníìkì

Má tíì rà á o, ọmọ mi. Ẹ́ńjìnì ọ̀tọ̀ ni. Tú ọ̀kan lára tìrẹ, ka ohun tí wọ́n kọ sí i, kí o fi wé ìwé ọkọ̀. Bí ìwé kò bá sí, mú nọ́ńbà ọkọ̀ lọ bá ẹlẹ́pátì tó ní kátálọ́ọ̀gì. Má fi ti Màmá ṣe àwòkọ. Ẹsẹ̀ plọ́ọ̀gì tó gùn ju bó ṣe yẹ lọ lè kan orí písítìn, èyí tó bá sì kúrú, iná rẹ̀ kò ní dé ibi tó yẹ.

Rewáyà Òjóò

Màmá mi, gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ plọ́ọ̀gì, a ti gbàgbé ohun tí ẹ̀rọ sọ. P0300 ni pé epo kì í jó bó ṣe yẹ nínú sílíńdà, kò sì dá ọ̀kan mú. P0305 ti wá nàka sí sílíńdà karùn-ún. Nínú 1GR, ẹ dúró níwájú ọkọ̀, ẹ kọjú sí ẹ́ńjìnì. Apá ibi tí èrò ń jókòó ni 1, 3, 5 wà, 1 níwájú, 5 ní ẹ̀yìn pátápátá lẹ́bàá ògiri irin tó pààlà ẹ́ńjìnì àti inú ọkọ̀. Apá awakọ̀ ni 2, 4, 6. Karùn-ún ni àwọn kan máa ń fò torí ọwọ́ kì í tètè dé ibẹ̀, àpótí fílítà afẹ́fẹ́ dí i lọ́nà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá kọ́ìlì ló ṣẹ̀ àbí plọ́ọ̀gì, ẹ yọ kọ́ìlì 5, ẹ gbé e sórí 1, kí ẹ gbé ti 1 sórí 5. Ẹ pa nọ́ńbà tó wà nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ rẹ́, kí ẹ wà á. Bó bá padà gbé P0301 wá, kọ́ìlì ló lẹ́jọ́. Bó bá ṣì jẹ́ P0305, ẹ fi kọ́ìlì sílẹ̀, ẹ wo plọ́ọ̀gì tàbí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Kò gba owó kankan.

Ohun kan tún wà tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yín. Iná tó ń ṣẹ́jú kì í ṣe iná tí èèyàn ń fi ẹrù rìn pẹ̀lú rẹ̀. Tó bá dúró sójú kan, ẹ ṣì lè wá ilé. Tó bá ń ṣẹ́jú, epo tí kò jóná ń wọ inú sàlẹ́ńsà lọ, ibẹ̀ ló ti máa jó nínú kátàlísì, ohun tó ń fọ èéfín mọ́, títí á fi yọ́. Ẹ sinmi ọkọ̀ yẹn ná, mà. Ẹ fi ọkọ̀ ẹlòmíràn kó ẹyin ọ̀sẹ̀ yìí.

Àlàájì Pátì, Ládìpọ̀

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń tà á sọ tèmi. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, ó pọ̀ jù, ó sì ń bà wá lórúkọ jẹ́. NGK àti Denso ni wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀ jù torí àwọn ni gbogbo ayé ń béèrè. Páálí kò ṣeé gbára lé mọ́, wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ páálí. Plọ́ọ̀gì gan-an ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Ẹ di òrùka irin pẹlẹbẹ tó wà lọ́rùn tẹ́rẹ́ẹ̀dì mú, kí ẹ gbìyànjú láti fi ọwọ́ yí i jáde. Ti ojúlówó kò ní jáde bọ̀rọ̀, á máa yí síbẹ̀ ni. Ti ayédèrú á bọ́ sí yín lọ́wọ́. Ẹ wo irin kékeré tó tẹ̀ bo ẹnu rẹ̀: ó yẹ kó dúró gangan sí àárín, kó má ṣe wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Denso tí wọ́n kọ U sí, ẹ yí inú irin kékeré yẹn wò, ẹ ó rí ilà jíjìn kan bíi gọ́tà kékeré nínú rẹ̀. U yẹn gan-an ni. Bí inú rẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Ẹ fi ìka tó ní òógùn ra orúkọ tí wọ́n kọ sára tánganran, kò gbọdọ̀ ṣí.

Ìkejì ni èyí tí wọ́n ti lò, tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n tún dì. Ẹ wo orí irin àárín. Tuntun, etí rẹ̀ mú, ó gé bíi bébà. Àlòkù, etí rẹ̀ á ti ṣe róbótó bí orí ìka. Ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ti há a rí náà á fi àpá sílẹ̀ lára igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ má san owó kí ẹ tó yẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ọ̀kan tó wà lókè páálí nìkan.

Awakọ̀ Ṣágámù

Kí ló dé tí ẹ ń da ara yín láàmú? Ẹ fi sáńpépà ha á, ẹ yan án nínú iná díẹ̀, kí ẹ fi òòlù kan ẹnu rẹ̀ kí àlàfo rẹ̀ dín kù. Bí a ṣe ń ṣe é nínú dáńfó nìyẹn, a sì ń rìn.

Bàbá Mókọ́lá, mẹkáníìkì

Àbúrò mi, mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ní ayé ìgbà tí kábúrétọ̀ wà. Fún ẹni tó bá kù sójú ọ̀nà lóru, ó lè gbé e délé. Ṣùgbọ́n plọ́ọ̀gì tó ti rin 138,000 máìlì, irin àárín rẹ̀ ti jẹ tán, kò sí bí o ṣe máa ha á tó máa padà hù. Sáńpépà tún máa ń fi yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ há sí abẹ́ tánganran, yẹ̀pẹ̀ yẹn á sì bọ́ sínú sílíńdà. Iná tó o ní kí wọ́n yan án sí lè la tánganran, ojú kò sì ní rí i. Mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí Màmá ṣe é.

Màmá, ó yá, ẹ pe ọmọ yín kó wá gbọ́. Kó jẹ́ àárọ̀ kùtùkùtù tí ọkọ̀ ti sun mọ́jú, kí ẹ́ńjìnì tutù pátápátá. Tọ́ọ̀pù rẹ̀, àlùmíníọ̀mù ni. Ẹni tó bá tú plọ́ọ̀gì nígbà tó gbóná lè fa tẹ́rẹ́ẹ̀dì jáde mọ́ ọn. Kó yọ orí bátìrì, kó ṣí ọ̀rá dúdú tó bo ẹ́ńjìnì, kó yọ ọ̀nà afẹ́fẹ́ àti àpótí fílítà kí ọwọ́ lè dé apá 1, 3, 5. Kó fi àkísà tó mọ́ di ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Ẹ má fojú kéré ìyẹn, nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tó bá já síbẹ̀ ti di iṣẹ́ mìíràn.

Sípánà 10 ló ń tú bóòtù kọ́ìlì. Kó tẹ etí ọ̀rá tó wà níbi tí wáyà ti so mọ́ kọ́ìlì kó tó fà á, kó má fa wáyà. Ọ̀rá yẹn ti gbó, ooru ti jẹ ẹ́, bó bá fi ipá ṣe é á kán. Kó yí kọ́ìlì sọ́tùn-ún sósì díẹ̀ kó tó fà á sókè. Kí ó tó tú plọ́ọ̀gì, ẹ pe fọkanáísà àdúgbò kó gbé afẹ́fẹ́ wá, tàbí kí ẹ wa ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ó fẹ́ ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́. Iyanrìn tó wà níbẹ̀, tí ẹ bá ti yọ plọ́ọ̀gì tán, inú sílíńdà ló ń lọ.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì 16 ni, èyí tó gùn, tó ní rọ́bà nínú. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 21 tí wọ́n fi ń tú ti ọkọ̀ àtijọ́ kò ní wọ ihò yẹn rárá. Ẹ tú ọ̀kan, ẹ dá ọ̀kan padà, kí ẹ tó bọ́ sórí òmíràn, àdàlù kò sì ní wáyé. Kí ẹ to àwọn àtijọ́ sórí páálí kéréètì ẹyin yín, kí ẹ kọ nọ́ńbà sílíńdà sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú wọn ni a máa fi mọ ìlera ẹ́ńjìnì.

Fún ti tuntun, ẹ fi abẹ géèjì, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, wọn ẹnu rẹ̀: 1.1 ló yẹ kó wọlé pẹ̀lú ìfúnra díẹ̀. Kó má ṣe fi sọ́kẹ́ẹ̀tì àti ráṣẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀. Kó gé rọ́bà epo tó tó gígùn apá kan, kó ki orí plọ́ọ̀gì bọ ẹnu rẹ̀, kó fi sọ ọ́ kalẹ̀, kó sì máa fi ìka yí i. Bó bá wọ ìlà rẹ̀, á máa yí geere. Bó bá ṣe lódìlódì, rọ́bà á yọ̀ lórí rẹ̀ kó tó ba tẹ́rẹ́ẹ̀dì jẹ́. Ìgbà tí ọwọ́ kò bá lè yí i mọ́ ló tó kan sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá rí tọ́ọ̀kì rẹ́ǹṣì yá, ìyẹn sípánà tó ń wọn agbára tí a fi ń fún nǹkan, Nm 20 ni fún plọ́ọ̀gì, 10 fún bóòtù kọ́ìlì. Bí kò bá sí, láti ìgbà tí òrùka irin rẹ̀ bá ti kan ìsàlẹ̀, ìdajì ìyípo kan sí ìdá méjì nínú mẹ́ta, ó ti tó. Èyí fún plọ́ọ̀gì tuntun ni o. Èyí tí a ti lò rí, òrùka rẹ̀ ti tẹ̀, ìyípo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú méjìlá lọ.

Ọmọ Ìbàdàn ní Houston

Bàbá, ṣé kò yẹ kí wọ́n fi gíríìsì fàdákà ra tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kó má baà lẹ̀ mọ́ ọn lọ́jọ́ iwájú?

Bàbá Mókọ́lá, mẹkáníìkì

Èmi náà máa ń fi ra á tẹ́lẹ̀. Mo ti jáwọ́. NGK fúnra wọn ní kí á má fi ra tiwọn, torí wọ́n ti fi ohun tí kì í jẹ́ kó dípẹtà bo irin rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Gíríìsì á jẹ́ kó yọ̀, ọwọ́ á rò pé kò tíì le, ẹ ó sì fún un kọjá bó ṣe yẹ.

Ìyá Ẹlẹ́yin

Ẹ̀yin ará, a ti ṣe é. Ní Gate ni mo ti ra NGK mẹ́fà, lọ́wọ́ ẹlẹ́pátì kejì. Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, mo yí òrùka irin bí Àlàájì ṣe wí, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́ ní plọ́ọ̀gì kejì tí mo yẹ̀ wò. Mo gbé e kalẹ̀, mo dúpẹ́, mo jáde.

Aago mẹ́fà àárọ̀ Sátidé la bẹ̀rẹ̀. Apá awakọ̀ kò tó ìṣẹ́jú ogójì. A dé ti 5, ọmọ mi fa kọ́ìlì jáde, ó ní, "Màmi, ẹ wá wò ó." Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ló wà nínú ihò yẹn, ó dúdú, ó ga tó ìka méjì. Rọ́bà ìsàlẹ̀ kọ́ìlì ti wú, ó rọ̀ bí fùfú. A wé ìwé ìnuwọ́ mọ́ orí igi, a fi ń fa ọ́ìlì yẹn títí ó fi gbẹ, kí ó tó tú plọ́ọ̀gì. Mo ti to gbogbo wọn sórí páálí ẹyin. Àwọn márùn-ún, ẹnu wọn pupa rúsúrúsú, ó jọ eérú igi. Abẹ géèjì 1.3 wọ ẹnu gbogbo wọn láìfara kan nǹkan kan. Àmì kan wà lára tánganran wọn tó ń bà mí lẹ́rù, ó yí wọn ká ní ọrùn bí ìlẹ̀kẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀. Ti 5 kò dà bẹ́ẹ̀. Ìlà dúdú kan ló ní, tín-ín-rín bí irun orí, láti òkè tánganran dé irin.

A dì í tán, a ṣí i, ó dún dáadáa. Ṣùgbọ́n mo gun òkè Mókọ́lá láìsí ẹrù, ó tún gbọ̀n díẹ̀. P0305 náà ni.

Bàbá Mókọ́lá, mẹkáníìkì

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ bá mi kí ọmọ yẹn. Ìlẹ̀kẹ̀ tó yí ọrùn wọn ká kì í ṣe àrùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé èéfín ló ń jò jáde níbẹ̀. Agbára iná tó wà lára rẹ̀ ló ń fa ọ̀rinrin ọ́ìlì inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Pupa rúsúrúsú náà dára, ẹ́ńjìnì yín ń jẹ epo bó ṣe yẹ. Ká ní ó dúdú kirikiri tó gbẹ bí èédú ni, epo ti pọ̀ jù fún un. Ká ní ó funfun tó ní kókó-kókó, ó gbóná jù. Ká ní ọ́ìlì wà ní ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì gan-an nìyẹn, ọkàn mi kò bá má balẹ̀.

Ìlà dúdú ti 5 ni ẹni tí à ń wá. Iná tó yẹ kó gba inú lọ sí ẹnu plọ́ọ̀gì, ẹ̀yìn tánganran ló ń gbà lọ sára irin, nínú ọ́ìlì yẹn. Ó máa ń ṣe é jù nígbà tí ẹrù bá wà, torí pé afẹ́fẹ́ tó há nínú sílíńdà nígbà yẹn ki ju ti ìgbà tí ọkọ̀ ń yọ́ rìn lọ, iná á sì wá ọ̀nà tó rọrùn jù. Ìdí tó fi jẹ́ pé orí òkè ló ti ń gbọ̀n nìyẹn. Rọ́bà kọ́ìlì yẹn á ti ní irú ìlà kan náà nínú. Plọ́ọ̀gì tuntun tí ẹ ki sábẹ́ rẹ̀, ìlà yẹn á tún fà sí i.

Rewáyà Òjóò

Ẹ gbé kọ́ìlì 5 sórí 1 bí mo ṣe sọ, kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Ìyá Ẹlẹ́yin

A gbé e. P0301 ló wá, kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. 90919-02248 ni wọ́n kọ sára kọ́ìlì náà, òun ni mo mú lọ. Tókùnbọ̀ kan ni mo rà, Rewáyà Òjóò sì sọ fún mi nínú ìfiránṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ pé kí n ní kí wọ́n dán an wò lójú mi kí n tó sanwó, wọ́n sì dán an wò. Mo tún ra NGK kan ṣoṣo sí i fún 5, torí ìlà tí Bàbá sọ.

Àná ni mo kó ọgọ́rin kéréètì gun òkè. Iná kò tàn. Kò gbọ̀n. Mo dúró ní Bódìjà, mo fi ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bí ẹni ń kí èèyàn.

Ọ́ìlì tó wà nínú ihò yẹn ńkọ́, Bàbá? Ṣé ó lè dúró di ìparí oṣù, tí wọ́n bá ti san owó ẹyin mi?

Bàbá Mókọ́lá, mẹkáníìkì

Ó lè dúró, mà. Ọ́ìlì sílì tó yí ihò plọ́ọ̀gì ká lábẹ́ ìdérí tọ́ọ̀pù ló ti le, òun ló ń jẹ́ kó jò wọlé. Kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí náà lẹ́ẹ̀kan náà, torí iṣẹ́ títú kan náà ni. Títí di ìgbà yẹn, kí ọmọ yín máa yọ kọ́ìlì 5 ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kó wo ìsàlẹ̀ rọ́bà rẹ̀. Bó bá rí ọ̀rinrin, kó nu ún gbẹ. Kí ẹ sì máa wo ìwọ̀n ọ́ìlì ẹ́ńjìnì lójoojúmọ́ kí ẹ tó jáde lọ́nà Ìdó.

Ìyá Ẹlẹ́yin

Ó ti kọ ọjọ́ rẹ̀ sí ara ògiri ilé adìyẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ àjẹsára. Ẹ ṣé o, gbogbo yín.